Ìwọ Lọ̀gá, Ìwọ Náà Ni Akọ̀wé

Àṣàkẹ́, jókòó. Rárá, má tíì ṣí kiní yẹn. Pa á dé, gbé e sórí tábìlì, kó o gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lẹ́tà tó o kọ sí Mọ́gàjí nítorí òrùlé ilé ẹbí tó ń jò ti dé ọwọ́ mi. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n fi rán ọmọ sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó, bóyá òyìnbó ti yí padà láti ìgbà tí àwọn ti jáde níléèwé. Mo fi awò sójú, mo kà á. Ìlà àkọ́kọ́: “Dear Magic.” Mo bọ́ awò, mo nù ún, mo dá a padà sójú. “Dear Magic” náà ni. Olórí ẹbí wa, Alhaji tó ń kírun ìgbà márùn-ún lójúmọ́, ni ìwọ ọmọ àná sọ di onídán. Mo ní bóyá ibẹ̀ ló mọ. Ìlà kejì: “our family house at Beer.” Bẹẹrẹ, Àṣàkẹ́! Bẹẹrẹ níbi tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ sí lo sọ di ọtí. Tí èèyàn bá tò ó pọ̀, ohun tó o ń bẹ Alhaji fún ni pé kí onídán wá pe ìpàdé lórí òrùlé ilé ọtí.

Má rẹ́rìn-ín. Mo ti rín tèmi tán, mo rín in títí omi fi ń bọ́ lójú mi, mo sì ti bá ọ bẹ Bàbá. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni inú wá bí mi, nítorí mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. O ò tẹ lẹ́tà yẹn. Ńṣe lo jókòó ti kọ̀ǹpútà kékeré yìí, ò ń sọ, ó ń kọ, nígbà tó o sọ tán, o fi ránṣẹ́. Pé ẹ̀rọ ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ kò tó ìjà. Èèyàn ẹlẹ́ran-ara náà ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Pé ojú rẹ kò bá lẹ́tà náà pàdé kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ ni mo ṣe ní kó o wá láti Èkó.

O ní, “Àǹtí, kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́.” Ẹn-ẹ́n? Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà? Ṣé kọ̀ǹpútà ni Mọ́gàjí máa pè kó wá kúnlẹ̀?

O mọ̀ pé akọ̀wé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ mi ò rò pé o mọ ohun tí akọ̀wé ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ìka la fi ń jẹun. Láyé tiwa, kí wọ́n tó fi ọ́ ti ọ̀gá, o ní láti mọ ṣọ́tándì. Ti Pitman la kọ́, èyí tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Isaac Pitman gbé jáde ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1837. Ìlà ni gbogbo rẹ̀. Fa ìlà kan fẹ́lẹ́, “p” nìyẹn. Tẹ pẹ́ńsù mọ́ ọn kó ki, ó di “b”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “t” àti “d”. Fáwẹ̀lì kò ju tóótòòtó àti dáàṣì kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà lọ, bí ọwọ́ bá sì ti yá, a máa ń fò wọ́n, ká wá dá wọn mọ̀ lẹ́yìn tí a bá dé ìdí taipuráítà. Wọ́n á dán ọ wò ní 80 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á dán ọ wò ní 100. Ẹni tó bá gba 120 kọjá, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ńláńlá ló ń lọ. Má bi mí iye tèmi, mi ò fẹ́ fọ́nnu.

Ó dáa, ọ̀gá á jókòó, á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á ní, “Màdáàmù, ẹ kọ lẹ́tà sí Pẹmánẹ́ǹtì Sẹ́kítírì.” Á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Á wúkọ́. Á ní rárá, yọ ìyẹn. Fóònù á dún, á gbé e, á pariwo mọ́ dẹ́rẹ́bà rẹ̀, á sọ ọ́ sílẹ̀, á tún máa bá lẹ́tà lọ láì sọ fún ọ pé lẹ́tà lòun ti padà sí. Èmi ni mo mọ èyí tó jẹ́ ti Pẹmánẹ́ǹtì Sẹ́kítírì àti èyí tó jẹ́ ti dẹ́rẹ́bà. Bó bá dá gbólóhùn kan sílẹ̀ láàbọ̀, èmi ni mò ń parí rẹ̀. Bó bá ní “ọjọ́ ìpàdé tọ́jọ́sí yẹn”, èmi ni màá lọ wo ọjọ́ náà nínú fáìlì. Bó bá dárúkọ èèyàn, mo mọ bí onítọ̀hún ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, bí mi ò bá sì mọ̀ ọ́n, màá dìde lọ wá a. Tó bá sọ tán, màá ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Nígbà míì á ní, “Ṣé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?” Màá ní, “Ẹ̀yin ni, sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún un sọ.” Ìgbà yẹn ni màá tó ki bébà bọ taipuráítà, kábọ́ọ̀nù méjì lábẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé náà, ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti là á kọjá.

Tí ọ̀gá bá wá jáde síta, á ní òun kọ lẹ́tà. Kò kọ nǹkan kan. Ó sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ̀rọ tó o gbé síwájú yẹn, iṣẹ́ ìka mi ló gbà. Kò gba iṣẹ́ ojú mi, kò gba iṣẹ́ etí mi tó mọ èébú dẹ́rẹ́bà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìjọba, kò sì lè dìde lọ wo fáìlì. Ìwọ wá rò pé nígbà tó o ra kọ̀ǹpútà, o ra akọ̀wé mọ́ ọn. Ìwọ lọ̀gá, ìwọ náà ni akọ̀wé, Àṣàkẹ́. O ṣe iṣẹ́ ọ̀gá tán lọ́jọ́ yẹn, o dìde, o lọ. Àga akọ̀wé ṣófo.

Mo mọ̀ pé ọrùn ọwọ́ ló ń dùn ọ́. Má fa apá aṣọ bò ó, mo ti rí báńdéèjì. Mo sì mọ ìdí tó fi ń dùn ọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké yìí dára láti gbé kiri, àmọ́ kíbọọ̀dù wọn há, ojú wọn wà nísàlẹ̀, wọ́n ń mú kí èèyàn ká ọwọ́ jọ sí àyà kó sì tẹ ọrùn ba láti àárọ̀ dalẹ́. Taipuráítà tiwa le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fún wa ní ìsinmi: bí ìlà bá parí, wàá fi ọwọ́ ti ọ̀pá padà, bí ojú ìwé bá kún, wàá yọ ọ́, wàá ki òmíràn, bó o bá ṣì í, wàá dúró nù ún. Ẹ̀yin kì í dúró. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ni ẹni tó ń fi ẹnu kọ̀wé. Èmi Àǹtí rẹ ni mo ní kó o máa fi ẹnu kọ ọ́. Ọwọ́ yẹn lo ṣì máa fi gbọ́mọ.

Àbí o rò pé ohun tuntun ni? Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ẹ kà níléèwé, èyí tí Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣebí bàbá arúgbó kan ló wá bá akọ̀wé níbi tó jókòó sí, tó ní kó mú ìwé àti gègé, kó máa kọ ohun tóun bá sọ. Àkàrà-Ògùn ń sọ, ẹlòmíì ń kọ. Àpèkọ ni ìwé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin! Ìgbà tí mo kà á lọ́mọdé, gbogbo ẹgbẹ́ mi ń ronú nípa iwin àti ẹbọra, èmi ń ronú nípa ọkùnrin tó jókòó tó ń kọ ọ́, pé ọwọ́ á dùn ún.

Èyí tí mo tún fẹ́ràn jù wà ní Rọ́ṣíà. Òǹkọ̀wé wọn, Fyodor Dostoevsky, jẹ gbèsè, ó wá tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú onítẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Stellovsky pé bí ìwé ìtàn tuntun kò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1866, kí Stellovsky máa tẹ àwọn iṣẹ́ òun fún ọdún mẹ́sàn-án láì san kọ́bọ̀. Oṣù kẹwàá wọlé, ìwé ò tíì sí. Làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ní kó wá ẹni tó mọ ṣọ́tándì. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá, Anna Snitkina, ọmọ 20 ọdún. Ọjọ́ 26 ni wọ́n fi parí The Gambler, ìwé náà sì bọ́ sí àkókò. Wo bí wọ́n ṣe ṣe é o, nítorí ibẹ̀ ni mò ń lọ: ọkùnrin yẹn á jókòó lóru, á kọ ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀ wéréwéré; lọ́sàn-án á pè é fún Anna; Anna á gbé e délé, á tú ṣọ́tándì sí ọ̀rọ̀ gidi lálẹ́, á gbé e padà wá, ọ̀gá á tún ojú ìwé náà ṣe. Bí gbèsè ṣe ń lé e tó yẹn, kò sọ ohun tí kò rò, kò sì fi èyí tí kò kà sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1867, ó fẹ́ ọmọbìnrin náà. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tèmi ní ìyàwó, ká ní kò tiẹ̀ ní, ẹni tó ń wúkọ́ tó yẹn, kí n fẹ́ ẹ ṣe kí ni?

Tó o bá sì fẹ́ ti òde òní, ará Amẹ́ríkà kan wà, Richard Powers, tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ń dùbúlẹ̀ sí, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kékeré níwájú rẹ̀, á máa sọ ìwé ìtàn rẹ̀ fún un. The Echo Maker tirẹ̀ gba ẹ̀bùn National Book Award lọ́dún 2006. Kí ni wọ́n fi máa fún un lẹ́bùn tó bá jẹ́ pé “Dear Magic” ló fi bẹ̀rẹ̀?

Gbọ́, mo ti jókòó wo ọ́ nígbà tó ò ń bá ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó o gbà ń sọ ọ́ gan-an, wàhálà ni. “We. Are. Writing. To. You.” Ta ló kọ́ ọ báyẹn? Ọdún 1990 lo ṣì wà. Nígbà yẹn ni ẹ̀rọ máa ń fẹ́ kí èèyàn dánu dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ àti ìyàwó kan ní Amẹ́ríkà, James àti Janet Baker, ni ilé iṣẹ́ wọn tà á fún gbogbo èèyàn lọ́dún náà, DragonDictate lorúkọ rẹ̀, nǹkan bí 9,000 dọ́là sì ni wọ́n ń tà á. 9,000 dọ́là kó o lè máa sọ̀rọ̀ gbọ́ngbọ̀n gbọ́ngbọ̀n! Nígbà tó di 1997 ni wọ́n tó ṣe èyí tó ń gba ọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu. Kó tó di tiwọn, ọ̀nà ti jìn: lọ́dún 1952, èyí tí wọ́n ṣe ní Bell Labs kò mọ̀ ju òǹkà lọ, láti òdo dé ẹ̀sán, èyí tí IBM gbé lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Seattle lọ́dún 1962 mọ ọ̀rọ̀ 16 péré. Mẹ́rìndínlógún! Ayékòótọ́ ìyá àgbà mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì jẹ́ èébú.

Èyí tó wà níwájú rẹ báyìí, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé ohùn rẹ sí wẹ́wẹ́, ó ń fi wé ohùn rẹpẹtẹ tí wọ́n ti fi kọ́ ọ, á wá máa méfò pé tí ọ̀rọ̀ báyìí bá ti ṣíwájú, irú ọ̀rọ̀ wo ló máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló fi ń mọ iwájú, iwájú ló sì fi ń tún ẹ̀yìn ṣe. Tó o bá ti gé gbólóhùn sí ẹyọ ẹyọ, o ti gba ohun tó fi ń ríran lọ́wọ́ rẹ̀. Fún un ní odidi gbólóhùn, pẹ̀lú ohùn tó o fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń ka bíbélì ní ọjọ́ ìkórè. Má sáré, má wọ́ ọ.

Kó o tó lè ní odidi gbólóhùn láti fún un, o ní láti ti rò ó. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin ti ń ṣìnà. Ẹ ṣí máìkì kẹ́ ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ẹ wá ń ṣe “ẹẹ̀n… bí mo ṣe ń sọ… ẹẹ̀n”. Ìwọ mú bébà, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìn rìsíìtì, kọ orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin sí i: òrùlé tó ń jò, iye tí kápẹ́ńtà sọ, ọjọ́ tó o fẹ́ kí ẹbí jókòó. Ìyẹn kò lè dun ọrùn ọwọ́. Tó o bá wá ṣí i, tó o tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ H, wàá kàn máa wo bébà rẹ, wàá máa sọ ọ́ lọ. Pe kọ́mà rẹ, pe fúlúsítọ́ọ̀pù rẹ, má tijú. Ọ̀gá tèmi náà máa ń pè é, á tún máa fi ìka lu tábìlì sí i. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà lè máa fi àmì wọ̀nyẹn sí i fúnra rẹ̀ tó o bá gbà á láyè. Jẹ́ kó ṣe é, ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Máìkì ńkọ́? Èyí tí wọ́n dè mọ́ inú kọ̀ǹpútà kékeré ń gbọ́ fáànù inú ara kọ̀ǹpútà náà kó tó gbọ́ ọ. Ó ń gbọ́ ọwọ́ rẹ lórí kíbọọ̀dù. Ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ìdílé kejì, ó ń gbọ́ oníbúrẹ́dì tó ń kọjá. Íápíìsì tó ní máìkì lára, tí kò ju owó ẹ̀kúnwọ́ lọ, sàn ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ó sún mọ́ ẹnu. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kì í ṣe iwájú gan-an, kó má máa gba afẹ́fẹ́ “p” àti “f” rẹ. Yàrá tó ní kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì dára ju páálọ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú, torí ohùn kì í ta padà níbẹ̀. Kó o má sì tún gbé e sáàárín ìpàdé ẹbí mọ́ bó o ṣe ṣe lọ́jọ́ ìjọsí. Èèyàn mẹ́jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bọ̀dá rẹ ń pariwo, ìwọ ń retí kí ẹ̀rọ kọ mínítì ìpàdé. Èmi gan-an kò lè kọ mínítì ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́, nítorí náà sún mọ́ mi. Wọ́n ní inú BRT lo ti ń pe lẹ́tà sí báǹkì, láti Kẹ́tu títí dé CMS. Gbogbo ọkọ̀ gbọ́ orúkọ rẹ, wọ́n gbọ́ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ, wọ́n gbọ́ iye tó kù síbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìka tẹ̀wé, èjìká rẹ̀ ló ń bo àṣírí rẹ̀. Kí ló ń bo tìrẹ? Ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, inú ilé ni kó o ti máa sọ wọ́n, kó o ti ilẹ̀kùn. Kó o sì rántí pé èyí tó wà lórí Windows yẹn kì í ṣiṣẹ́ láì sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ohùn rẹ ń rìnrìn àjò lọ sórí ẹ̀rọ ẹlòmíì kó tó padà wá di ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ohun tí o kò fẹ́ kó jáde nílé rárá, àwọn kan wà tí èèyàn ń gbé sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. OpenAI fi ọ̀kan tó ń jẹ́ Whisper sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2022. Ó ní kékeré, ó ní ńlá. Kékeré ni kọ̀ǹpútà bíi tìrẹ yìí lè gbé, ńlá á mú kó máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ọmọ ilé kejì ló fi hàn mí. Ẹ rò pé àgbàlagbà kì í bèèrè nǹkan.

Ó kan orúkọ wàyí, torí orúkọ ló kó ọ sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Nínú ṣọ́tándì, orúkọ tí a kò bá gbọ́ rí, a kì í fi ìlà méfò rẹ̀. A máa ń dúró kọ ọ́ gbangba, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òyìnbó kò mọ Mọ́gàjí, kò dé Bẹẹrẹ rí. Ohun tó bá sún mọ́ ọn jù nínú òyìnbó ló máa fi dí i. Tó o bá kan orúkọ, fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Orúkọ márùn-ún nínú lẹ́tà kan kò lè pa ọrùn ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà, àti déètì, àti owó. Mo ti rí ibi tí òdo kan ti sọnù nínú ìwé rí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi wá a.

Mo ń bọ̀ síbi tó dùn mí jù. Kí ló dé tó o fi kọ òyìnbó sí Mọ́gàjí? Ìwọ àti Bàbá, Yorùbá lẹ ń sọ. Tó o bá wọlé wọn, Yorùbá lo fi ń kúnlẹ̀ kí wọn. O ní ẹ̀rọ rẹ kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ni. Nítorí náà, ẹ̀rọ ló wá ń yan èdè tí ìwọ máa fi bá baba rẹ sọ̀rọ̀? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Akọ̀wé kì í bá ọ̀gá yan èdè. Tí kò bá gbọ́ Yorùbá, sọ òyìnbó tìrẹ fún un níbi iṣẹ́, kó o mú gègé, kó o fi ọwọ́ kọ ojú ìwé kan péré sí olórí ẹbí rẹ. Tàbí kó o wá. Ìbàdàn ò jìnnà.

Mo mọ ìdí tí kò fi gbọ́ dáadáa, má rò pé mò ń bá a jà lásán. Whisper tí mo sọ yẹn, 680,000 wákàtí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi kọ́ ọ. Òyìnbó ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èdè 96 mìíràn, tí Yorùbá wà lára wọn, 117,000 wákàtí ni gbogbo wọn jọ pín, kì í sì í ṣe ọgbọọgba. Ọmọ tí wọ́n kọ́ báyẹn, báwo ni yóò ṣe gbọ́ tiwa? Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀ ṣá. Lọ́dún 2024, Google fi èdè ilẹ̀ Áfíríkà 15 kún èyí tí èèyàn lè fi ẹnu sọ sí fóònù kó kọ ọ́, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Àmọ́ bó bá tiẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó lè kọ ọ́ láì sí àmì lórí, láì sí àmì nísàlẹ̀, iṣẹ́ akọ̀wé sì tún nìyẹn. Wàá jókòó, wàá fi àmì sí i.

Tó bá dùn ọ́ bó ṣe ń dùn mí, ohun tó o lè ṣe wà. Mozilla ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Common Voice, láti ọdún 2017. Wọ́n á gbé gbólóhùn síwájú rẹ, wàá kà á sókè. Ẹlòmíì á gbọ́ ọ, á sọ bóyá o kà á dáadáa. Yorùbá wà níbẹ̀. Ohùn tí wọ́n bá kó jọ, ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ. Ìwọ tó o máa ń fi wákàtí méjì gbáko fèsì lórí WhatsApp, o ò lè ka gbólóhùn mẹ́wàá fún wọn? Kí wọ́n gbọ́ ará Ìbàdàn níbẹ̀ náà, kó má lọ jẹ́ ohùn ẹlòmíì nìkan ni ẹ̀rọ máa mọ̀.

Ó tó. Omi wà nínú fíríìjì, mu ún kó o padà wá jókòó. Ṣí i wàyí. Tẹ Windows pọ̀ mọ́ H, gbé íápíìsì yẹn fún mi. Èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìwọ lo máa ṣe akọ̀wé. Lẹ́tà mi sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ni. Òyìnbó nìyẹn, torí òyìnbó làwọn yẹn ń kà. Mo ti kọ orí ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn ìwé iná yìí. Orúkọ mi, ìwọ ni kó o fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó o má jẹ́ kí wọ́n sọ mí di nǹkan mìíràn. Tí mo bá sọ tán, kà á sí mi létí látòkè délẹ̀ kó o tó tẹ ohunkóhun. Kó o sì dìde pa fáànù yẹn.